Mítà eré àti odómítà ọkọ̀: bí ẹ ṣe lè mọ iye tí wọ́n fi ń ṣì

Ọkọ̀ kò mọ bí ilẹ̀ ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju iye ìgbà tí táyà tàbí ọ̀pá gíà yípo lọ. Yíyípo yẹn ló ń kà, òun ló ń sọ di kìlómítà tí a rìn, òun náà ló ń sọ di eré tí a ń sá. Orísun kan náà ni mítà eré àti odómítà ti ń mumi, síbẹ̀ àṣìṣe wọn kì í dọ́gba, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣìṣe méjèèjì ló sì ń fi ibi tí àléébù wà hàn. Ẹni tó bá wọn ọ̀kan láìwọn èkejì, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú: mítà eré ni èyí tí abẹ́rẹ́ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Odómítà ni èyí tó ń ka gbogbo kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tó ti jáde. Mítà ìrìn ni kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣeé dá padà sí òdo. Níbi tí a bá ti kọ nọ́ńbà eré lásán, kìlómítà ní wákàtí kan la ní lọ́kàn.

Ìdí tí mítà eré fi ń sọ àsọjù

Tí mítà bá kọ 100, tí fóònù tó ń fi sàtẹ́láìtì mọ eré (GPS) sì ń sọ 95, mítà yẹn kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Òfin 39 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, sọ pé mítà kò gbọdọ̀ fi eré ọkọ̀ hàn kéré sí bó ṣe jẹ́ rárá. Àsọjù ni òfin náà fàyè gbà, ó sì ní òṣùwọ̀n: tí ẹ bá yọ eré gidi kúrò nínú ohun tí mítà kọ, ohun tó kù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá eré gidi lọ, ká tún fi 4 kún un. Nítorí náà, tí ọkọ̀ bá ń sá 40 gidi, mítà lè kọ ohunkóhun láti 40 dé 48. Tó bá jẹ́ 80 gidi, ó lè kọ dé 92. Tó bá jẹ́ 100, ó lè dé 114; tó bá jẹ́ 120, 136. Àyè yẹn gbòòrò gan-an, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í sì lò ó tán.

Kì í ṣe gbogbo òfin ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ iṣẹ́ ajé fàyè gba àṣìṣe sókè àti sílẹ̀: tí ọkọ̀ bá ń sá máìlì 50 ní wákàtí kan, mítà rẹ̀ lè fi máìlì 5 ṣì, ìbáà jẹ́ lókè, ìbáà jẹ́ nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò kàn jẹ́ kó bá eré gidi mu? Táyà ni. Oríṣi ọkọ̀ kan náà lè jáde pẹ̀lú ìwọ̀n táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, táyà tuntun sì tóbi ju táyà tó ti jẹ lọ. Táyà tó tóbi jù tó sì tún jẹ́ tuntun ló lè mú kí mítà sọ ohun tó kéré sí òtítọ́, nítorí pé ilẹ̀ tó ń gbà nínú yíyípo kan pọ̀. Wọ́n a wá gbé mítà sókè tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé pẹ̀lú táyà yẹn pàápàá, kò ní sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ òtítọ́. Bí táyà bá ti wá ń jẹ, àsọjù á máa pọ̀ sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé wọn kì í gbé odómítà sókè bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tó bẹ̀rù pé kí odómítà kéré, nítorí náà iye gidi ni wọ́n máa ń fẹ́ kó sún mọ́. Odómítà ọkọ̀ tó ń lo táyà tó yẹ ẹ́ kì í sábà ṣì ju 1% sí 3% lọ, nígbà tí mítà eré ọkọ̀ yẹn kan náà lè máa fi 5% sọ àsọjù. Ẹ rántí èyí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń tún mítà ṣe ti máa ń ṣubú.

Ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà líle kan tó ń yí nínú rọ́bà rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kébù, ló gùn láti gíábọ́ọ̀sì dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Kébù ń yí òòfà kan. Òòfà náà ń yí nínú ife alumíníọ̀mù láìfara kàn án. Bó ṣe ń yí, iná mànàmáná kékeré á máa ṣàn nínú ife, ìyẹn á sì máa fa ife náà tẹ̀ lé òòfà. Síprín-ìn tín-ín-rín kan di ife mú kó má bàa yí tán. Ibi tí agbára òòfà àti ti síprín-ìn bá ti dọ́gba ni abẹ́rẹ́ á dúró sí. Otto Schulze ará Jámánì ló gba ẹ̀tọ́ àkọ́dá iṣẹ́ yìí ní ọdún 1902, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Odómítà inú ọkọ̀ yẹn kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òòfà tàbí síprín-ìn. Eyín gíà kéékèèké ni kébù fi ń yí i tààrà. Nítorí náà, tí síprín-ìn bá ti rọ̀, abẹ́rẹ́ á máa lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Tí òòfà bá ti rẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa kéré. Ṣùgbọ́n odómítà á ṣì máa kà bó ṣe ń kà tẹ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀ òde òní, sẹ́ńsọ̀ ló rọ́pò kébù. Ó lè wà lára gíábọ́ọ̀sì níbi tí agbára ti ń jáde lọ sí táyà, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ABS (ètò bréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bréèkì líle) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ táyà ń ka eyín òrùka kan bó ti ń yí. Ká ní òrùka náà ní eyín 48, tí táyà sì ń gba mítà 1.94 nínú yíyípo kan, eyín kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi iye eyín wá ìrìn, á fi aago wá eré, á wá fi àsọjù tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ kún eré nìkan kó tó sọ fún abẹ́rẹ́ ibi tó máa dúró sí.

Nínú ètò méjèèjì, ohun tí ọkọ̀ ń kà ni yíyípo, kì í ṣe ilẹ̀. Tí táyà tó ń fa ọkọ̀ bá ń yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, mítà tó ń gba ìròyìn láti gíábọ́ọ̀sì á máa kọ 60 nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan, odómítà náà á sì máa ka ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn.

Ìpalẹ̀mọ́

Ẹ ka ìwọ̀n tó wà lára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú bíi 195/65R15, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Tí wọn kò bá bára mu, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ìdáhùn yín níbẹ̀. Ẹ tún wo bóyá táyà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí bákan náà.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà tutù, ìyẹn kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ sì fún un ní iye tó wà lára ìwé yẹn. Ẹ wọn bí ojú táyà ṣe jìn tó. Táyà tuntun sábà máa ń jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Èyí tó ti jẹ dé 1.6, tó jẹ́ òpin tí ọ̀pọ̀ òfin fi lélẹ̀, ti pàdánù 6.4 níhà kọ̀ọ̀kan. Lára 195/65R15, ìyẹn tó 2% nínú bó ṣe fẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sílẹ̀, nítorí pé àbájáde òní kì í ṣe àbájáde ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gùn gbọọrọ, tí kò sí ilé gíga tàbí igi ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òfin sì gba eré tí ẹ fẹ́ sá níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí gbà: awakọ̀ á wo ọ̀nà, ẹnìkejì á ka nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rìn tó ìṣẹ́jú ogún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí táyà lè gbóná bó ṣe máa ń gbóná.

Wíwọn mítà eré

Ọ̀nà tó yá jù ni fóònù tó ní GPS. GPS kì í kàn fi ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ wé ibi tí ẹ wà báyìí. Bí ìgbì rédíò sàtẹ́láìtì ṣe ń yí padà bí ẹ ti ń rìn ló fi ń mọ eré, ìdí nìyẹn tí eré rẹ̀ fi máa ń péye gan-an lójú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí eré yín bá ń gòkè tàbí ń sọ̀ kalẹ̀, ìwé àná ló ń kà fún yín.

1. Ẹ gbé fóònù sí ibi tó ti rí ojú ọ̀run, kí ẹ dúró títí tó fi rí sàtẹ́láìtì dáadáa.
2. Ẹ mú abẹ́rẹ́ dúró sójú 40 gan-an. Tí ọkọ̀ bá ní ohun tó ń di eré mú fúnra rẹ̀, òun ni kí ẹ lò, bó bá ṣiṣẹ́ ní eré yẹn.
3. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹnìkejì kọ nọ́ńbà GPS sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ wá àárín rẹ̀.
4. Ẹ ṣe é bákan náà ní 80, lẹ́yìn náà ní eré tó ga jù tí òfin ọ̀nà yẹn gbà.
5. Ẹ yí padà, kí ẹ tún un ṣe ní ìhà kejì ọ̀nà.

Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ ka abẹ́rẹ́. Láti ẹ̀gbẹ́, abẹ́rẹ́ á dà bíi pé ó wà lórí nọ́ńbà mìíràn, nítorí pé àyè wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ojú mítà. Awakọ̀ ni kó sọ ìgbà tó bá bọ́ sójú rẹ̀. Ẹ yẹra fún òkè pẹ̀lú: àwọn ètò kan lórí fóònù kì í ka ìgòkè mọ́ eré, lórí òkè tó ń ga ní mítà 10 nínú 100, ìyẹn nìkan á dín nǹkan bíi 0.5%.

Ẹ má ṣe dúró sórí eré kan ṣoṣo. Ìdí tí a fi ń wọn mẹ́ta ni pé àsọjù oríṣi méjì ló wà. Tí ẹ bá rí 38 fún 40, 76 fún 80, 114 fún 120, àsọjù yẹn ń dàgbà pẹ̀lú eré: 5% ni níbi gbogbo. Àmọ́ tí ẹ bá rí 37, 77 àti 117, kìlómítà 3 ni wọ́n fi kún gbogbo rẹ̀ láìka eré sí. Ti àkọ́kọ́ lè wá láti ara táyà. Ti kejì kò lè wá láti ara táyà láéláé, inú mítà ló wà.

Tí ẹ kò bá fọkàn tán fóònù, òpó kìlómítà ẹ̀gbẹ́ títì àti aago tó. Ẹ fi 3600 lu iye kìlómítà, kí ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín in. Ká ní mítà dúró sí 100, tí kìlómítà 5 sì gba ìṣẹ́jú àáyá 189: eré gidi jẹ́ 95.2, mítà sì ń fi 5% sọ àsọjù. Kìlómítà kan ṣoṣo kò tó. Ọwọ́ èèyàn lè fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ lórí aago. Nínú kìlómítà kan ní 100, tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 36, ìyẹn ti tó 0.8%, ṣùgbọ́n nínú kìlómítà 5 kò pé 0.2%. Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n lè ti gbé òpó kan kúrò ní ààyè rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún títì ṣe.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Tí ọkọ̀ yín bá ń ṣírò eré àárín ìrìn, ẹ dá a padà sí òdo nígbà tí ẹ ti ń sá eré kan tó dúró, kí ẹ sì máa bá a lọ fún kìlómítà mélòó kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, odómítà àti aago ló fi ń ṣe ìṣirò náà, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ á wà lórí 100, eré àárín á máa kọ 96. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye àsọjù tí wọ́n fi sínú mítà rẹ̀ fún yín.

Wíwọn odómítà

Níbí, jíjìn ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Mítà ìrìn ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kìlómítà kà, nítorí náà nínú kìlómítà 5, kíkà nìkan lè fi 2% tàn yín. Nínú kìlómítà 20 ó di 0.5%, nínú 50 ó di 0.2%.

Ẹ dá mítà ìrìn padà sí òdo ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, kí ẹ rin kìlómítà 20 sí 50 láìyà síbì kankan, kí ẹ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìkẹyìn. Ẹ fi ìrìn gidi pín ohun tí odómítà kọ. Tó bá kọ 20.5 fún 20, ẹ óò rí 1.025: ó ń fi 2.5% kà jù.

Bí ẹ bá lo GPS fún èyí, ẹ fi sọ́kàn pé jíjìn ọ̀nà kò rọrùn fún un bí eré. Ní kọ́nà, ó máa ń fi ìlà tààrà so ojúàmì kan mọ́ èkejì, ọ̀nà á sì kúrú. Níbi tí ẹ bá dúró sí nínú gòsúlò, àwọn ojúàmì á máa rìn kiri fúnra wọn, ọ̀nà á gùn. Títì tó tọ́, láìdúró, ni kí ẹ lò ó fún.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí táyà ń gbà gan-an: ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú tó gùn tó mítà 25, kí awakọ̀ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà níbi tó kan ilẹ̀ àti sí ilẹ̀ náà. Ẹ ti ọkọ̀ lọ tààrà títí táyà á fi yípo ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá gééré, ẹ sàmì sílẹ̀, ẹ fi tépù wọn àárín, ẹ fi 10 pín in. Ẹ óò rí i pé ó kéré díẹ̀ sí ohun tí ìṣirò láti ara ìwọ̀n táyà ń sọ, nígbà mìíràn tó 3%, nítorí pé ẹrù ọkọ̀ ń tẹ táyà mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé afẹ́fẹ́ tó lọ sílẹ̀ ló ń ba mítà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Bẹ́líìtì irin tó wà lábẹ́ ojú táyà kì í fà bẹ́ẹ̀ ni kì í sún kì, nítorí náà bí táyà tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀, gígùn bẹ́líìtì yẹn náà ló ṣì ń tẹ́ sílẹ̀ nínú yíyípo kan. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ nítorí ẹ̀mí yín àti nítorí bréèkì; ẹ má retí pé á tún mítà ṣe.

Kíka àbájáde

Odómítà péye, mítà eré ń fi 3% sí 6% sọ àsọjù: kò sí àléébù. Ẹ fi sílẹ̀.

Odómítà fi ara jọ mítà eré nínú àṣìṣe, tí méjèèjì jọ gòkè tàbí jọ sọ̀ kalẹ̀ ju bó ṣe yẹ: ohun tó wà ṣáájú mítà ni ẹ máa wá, ìyẹn táyà tí kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀, gíà tí wọ́n ti pààrọ̀, tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ìwọ̀n táyà mìíràn sí. Gíà ẹ̀yìn tó kúrò ní 3.73 bọ́ sí 4.10 á gbé méjèèjì sókè ní nǹkan bíi 10% tó bá jẹ́ pé ara gíábọ́ọ̀sì ni sẹ́ńsọ̀ wà. Tó bá jẹ́ ara táyà ni, kò ní yí ohunkóhun padà.

Odómítà péye, abẹ́rẹ́ kéré sí eré gidi: èyí ni kí ẹ má fojú kéré, nítorí pé ẹ ń sáré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú ọkọ̀ oníkébù, òòfà ló ti rẹ̀. Nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, mọ́tò kékeré tó ń yí abẹ́rẹ́ ló ń lẹ̀ tàbí tó ti fo.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ihò àyẹ̀wò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, OBD, yóò tètè fi ibi tí àṣìṣe ti ń wá hàn. Ó ń ka eré láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní nọ́ńbà odindi. Tí GPS bá sọ 100, OBD sọ 101, abẹ́rẹ́ sọ 105, ìròyìn tó ń bọ̀ láti táyà péye. Àsọjù mítà lásán ni ẹ ń rí. Tí OBD náà bá sọ 108, ṣáájú mítà ni àléébù wà; ẹ má tú dáṣíbọ́ọ̀dù rárá.

Ìṣirò táyà

Nínú 195/65R15, 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 15 ni rìmù ní íǹṣì. Ẹ fi 25.4 lu 15, ó di 381. Ẹ fi 0.65 lu 195, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 253.5. Àròpọ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 634.5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún táyà tuntun tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ fi ti àtijọ́ pín in.

205/55R16 jẹ́ 631.9: kò tó ìdajì 1% tó fi yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rìmù rẹ̀ tóbi jù. 195/60R15 jẹ́ 615, ó fi 3% kéré. Mítà àti odómítà á gòkè. 205/65R15 jẹ́ 647.5, ó fi 2% tóbi. 215/70R15 jẹ́ 682, ó fi 7.5% tóbi, ibí sì ni ewu wà: ọkọ̀ tó ń kọ 105 nígbà tó ń sá 100 gidi, pẹ̀lú táyà yìí, á kọ 105 nígbà tó ń sá 107.5. Àsọjù ti di àsọdín, ó sì ti rú Òfin 39. Odómítà náà á kọ 10,000 nígbà tí ọkọ̀ ti rin 10,750, ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì á ti kọjá lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má jẹ́ kí táyà tuntun fi ju 2% sí 3% yàtọ̀ sí ti àtilẹ̀wá láìtún mítà ṣe.

Títún un ṣe

Òfin kan ló wà níbí tí ẹ kò gbọdọ̀ rú: odómítà ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Ẹni tó bá yí ètò ọkọ̀ padà títí abẹ́rẹ́ fi bá GPS mu géérégé ti mú odómítà rẹ̀ kéré sí òtítọ́, nítorí pé ó ti yọ àsọjù abẹ́rẹ́ kúrò lára ìrìn pẹ̀lú. Ẹ tún odómítà ṣe kó péye, abẹ́rẹ́ á padà sí àsọjù díẹ̀ tó bá òfin mu fúnra rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ oníkébù, gíà oníke kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ kébù lára gíábọ́ọ̀sì. Ẹ ka eyín rẹ̀, ẹ fi iye tí odómítà kọ lù ú, ẹ fi ìrìn gidi pín in. Tó bá ní eyín 20, tí odómítà sì kọ 21 fún kìlómítà 20, gíà eyín 21 lẹ nílò. Eyín tó pọ̀ ń mú kí kébù rọra yí.

Nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè kọ ìwọ̀n táyà tuntun sínú àwọn ọkọ̀ kan. Níbi tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, àpótí kékeré kan wà tí rẹ́wáyà lè so sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà láti dín iye eyín tí wọ́n ń kà kù tàbí láti fi kún un. Ẹ má so ó mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS: bréèkì nílò iye tòótọ́ láti ara táyà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀: abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lórí eré kékeré pẹ̀lú ariwo láti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kébù ló gbẹ tàbí ló ká. Ẹ fà á jáde, ẹ nù ún, ẹ fi girísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, ẹ má jẹ́ kí girísì dé ìka mélòó kan tó kẹ́yìn níhà mítà, kó má bàa wọ inú rẹ̀. Odómítà tó dúró nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ oníkébù, eyín gíà oníke inú odómítà ló já. Méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà: kébù já, tàbí sẹ́ńsọ̀ kú, nínú ọkọ̀ òde òní, ẹ óò sábà rí àmì P0500 lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Tí iná ABS bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lọ wo sẹ́ńsọ̀ táyà àti òrùka rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìdọ̀tí irin tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó láti dí i lójú.

Lílo nọ́ńbà yín

Epo ni ìṣirò tó ń tètè tan èèyàn jẹ. Lítà 40 gbé ọkọ̀ rin 480 lójú odómítà, ẹ rò pé kìlómítà 12 ni lítà kan ń gbé. Tí odómítà bá ń fi 3% kà jù, 466 péré lẹ rìn, lítà kan ń gbé 11.65. Ẹni tó pààrọ̀ sí táyà ńlá á máa rò pé ọkọ̀ òun ti ń jẹ epo sí i, nígbà tó jẹ́ pé kìlómítà ni odómítà ń jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ má sì fi àsọjù mítà ṣe ẹ̀tọ́ láti sáré kọjá òfin. Kámẹ́rà ojú títì ń wọn eré gidi, àsọjù yẹn sì ń dín kù lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ táyà tuntun.

Nínú ọkọ̀ àlòkù, pípéye ẹ̀rọ kò wúlò tí wọ́n bá ti fọwọ́ dá a padà. NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, fojú díwọ̀n pé ọkọ̀ tó ju 450,000 lọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú odómítà irọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, iye ìrìn wà nínú kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n kà wọ́n jáde, kí ẹ fi wé èyí tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìwé àtúnṣe. Tí ẹ̀yin fúnra yín bá sì pààrọ̀ mítà tàbí tí ẹ tún un ṣe, ẹ kọ ọjọ́ náà, iye tí ti àtijọ́ ń kọ, iye tí ti tuntun bẹ̀rẹ̀ sí kọ, àti ìdá tí odómítà fi ń ṣì tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ìwé náà sínú àwọn ìwé ọkọ̀.